Ta Ló Sọ Mẹ́rìnlá fún Ọ?

Coventry,
Ọjọ́ Kẹta, oṣù Kejì, 2024

Baba mi,

Okun o. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo mọ̀ pé etí yín ò gba fóònù mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé dípò kí n pè. Agatha ní òun á máa tẹ lẹ́tà mi jáde ní ilé kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́bàá ọjà, òun á sì máa ya fọ́tò tiyín ránṣẹ́ sí mi. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ní kó má máa ka lẹ́tà wa kó tó gbé e fún yín, mo mọ àbúrò mi dáadáa.

Baba, ọkọ̀ náà ti ń di ọkọ̀. Ẹ rántí ọkọ̀ pupa oníjókòó méjì tí dókítà òyìnbó ń wà ní Egbe nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ kíkọ́, èyí tí ẹ máa ń ròyìn fún wa tí òjò bá dá wa mọ́lé. Wọn ò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìwọ̀nba tó kù láyé, ọwọ́ àwọn olówó ló wà. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ta àfijọ rẹ̀ níbí láìsí ẹ́ńjìnnì, èèyàn á rà á, á máa tò ó jọ fúnra rẹ̀. Ọdún méjì rèé tí mo ti ń to tèmi ní ẹ̀yìnkùlé. Ara rẹ̀ ti dúró, ó pupa gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe máa ń sọ. Mo ti rí ògbólógbòó ẹ́ńjìnnì kan, irú ti dókítà gan-an, àmọ́ wọ́n gbọ́dọ̀ tú u palẹ̀ kí wọ́n tún un kọ́ látìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí n gbé e fún ni mo fẹ́ bi yín. Àwọn mẹ́ta ló wà níwájú mi. Èkíní ni bàbá òyìnbó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọdún méjì gbáko ló ní kí n fi dúró. Èkejì ni ilé iṣẹ́ ńlá kan tí kì í jẹ́ kéèyàn wọlé wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀kẹta ni ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń kọ́ ẹ́ńjìnnì níbí, gbogbo èèyàn ló ń yìn ín. Baba, kí ni kí n bi wọ́n kí n tó yan ọ̀kan?

Ọmọ yín,
Ayọ̀wálé


Kàbà,
Ọjọ́ Kọkànlá, oṣù Kejì, 2024

Ayọ̀wálé,

Okun. Ara mi le, tí a bá yọ etí kúrò. Àádọ́ta ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì ló dí i, mi ò bá a jà. Agatha ti ka lẹ́tà rẹ kó tó gbé e fún mi, ó ní kí n kí ọ.

Inú mi dùn nígbà tí mò ń ka ti ọkọ̀ pupa, nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀ ìwé, inú mi ò dùn mọ́. O jókòó sí Coventry, ò ń wá ẹni tó máa kọ́ ẹ́ńjìnnì. Iṣẹ́ wo ni wọ́n mọ̀ mọ́ bàbá rẹ ní Kàbà? Láti Iffe títí dé Ìsánlú, ta ni wọ́n ń gbé ẹ́ńjìnnì tó ti kú wá bá? Lọ́jọ́ tí o ń lọ, kí o tó wọ mọ́tò Àbújá, o dì mọ́ mi níwájú ṣọ́ọ̀bù, o ní, 'Baba, ọjọ́ tí mo bá rí irú ọkọ̀ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ẹ́ńjìnnì rẹ̀.' Mi ò ní kí o sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ lo fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́.

O béèrè ohun tó yẹ kí o bi wọ́n. Bi ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ẹ́ńjìnnì fún ọ pé kí ló máa ń ṣe tó bá rí i pé òun ti ṣe àṣìṣe tí ẹnikẹ́ni ò sì rí i. Máa wo ojú rẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Má béèrè nǹkan mìíràn. Ní ti ẹni kẹta, ọmọ ilẹ̀ wa tí o ò dárúkọ rẹ̀ yẹn, fi í sílẹ̀. Kí ló dé tí orúkọ rẹ̀ ò ṣeé kọ sí mi?

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Mi ò lè wá, ìwọ náà ò lè gbé ẹ́ńjìnnì wálé. Fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ ọ. Gbogbo ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì dókítà wà nínú ìwé mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní Egbe nígbà tí mi ò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Màá máa kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ọ díẹ̀díẹ̀. Tí o bá ti ṣe ti lẹ́tà kan, wàá sọ ohun tí o rí fún mi kí n tó fún ọ ní èyí tó kàn. Èmi ni ọ̀gá, ìwọ lọmọ iṣẹ́, o ò sì gbọdọ̀ pẹ́ dé ṣọ́ọ̀bù.

Ojú mi ti di bàìbàì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ẹ́ńjìnnì tí màá kọ́ kẹ́yìn nìyí. Mo fẹ́ kọ́ ọ pẹ̀lú ọmọ mi.

Bàbá rẹ,
Jethro


Coventry,
Ọjọ́ Kẹrìndínlógún, oṣù Kejì, 2024

Baba mi,

Okun o, ọ̀gá mi. Mo gbà. Ẹ̀yin lẹ máa kọ́ ẹ́ńjìnnì yìí, ọwọ́ lásán ni màá yá yín. Mo ti sọ fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé mi ò wá mọ́.

Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ò lè fi gbogbo ìwọ̀n inú ìwé náà ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Ibi iṣẹ́ kì í fún mi láyè. Tí Agatha bá ya fọ́tò ojú ìwé náà, kò ní gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ayọ̀wálé


Kàbà,
Ọjọ́ Kejì, oṣù Kẹta, 2024

Ayọ̀wálé,

Kò ṣeé ṣe. Agatha ò ní ya fọ́tò ìwé mi. Ìwọ ò tíì lo ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu iṣẹ́, o ti ń wá ìwé ọ̀gá.

Ṣé o ti fọ ẹ́ńjìnnì náà? Fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kí o wá fi aṣọ funfun nu inú ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí písítìnnì ń gbà lọ gbà bọ̀. Tí aṣọ náà bá jáde ní dúdú, o ò tíì fọ̀ ọ́. Máa nù ún títí aṣọ á fi jáde bó ṣe wọlé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀gá mi fi jẹ́ kí n nu ti dókítà. Ní ọjọ́ karùn-ún, dókítà fúnra rẹ̀ wá, ó ti ìka bọ inú ihò, ó wo ìka náà, ó rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a parí iṣẹ́, ó ní kí n jókòó sí ìdí ọkọ̀, èmi ni mo wà á láti Egbe dé Ìsánlú. Àwọn èèyàn ń sáré jáde láti wo èèyàn dúdú tó ń wa ọkọ̀ pupa òyìnbó. Mi ò tíì rí ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà, mo sì ti gbéyàwó, mo ti bímọ.

Ó wá kan àwọn ríǹgì tó ń yí písítìnnì ká. Ti ríǹgì kan bọ inú ihò, fi orí písítìnnì tì í wọlé kó lè jókòó dọ́gba, kí o wá fi fíílà wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Fíílà ni àwọn ewé irin pẹlẹbẹ yẹn tí o máa ń kó ṣeré ní kékeré tí mo fi nà ọ́. Mẹ́tàdínlógún ni àlàfo náà, bí nọ́ńbà tó wà lára fíílà. Wọn gbogbo rẹ̀, kí o kọ ohun tí o bá rí sí mi. Má fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi.

Bàbá rẹ,
Jethro


Coventry,
Ọjọ́ Kẹrìnlélógún, oṣù Kẹta, 2024

Baba mi,

Okun o. Iṣẹ́ ti ń lọ. Mo fọ ẹ́ńjìnnì, mo nù ún, aṣọ jáde ní funfun báláú. Ọwọ́ mi dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n ń wò mí níbi iṣẹ́ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá láti oko. Mo wọn gbogbo ríǹgì bí ẹ ṣe ní kí n ṣe. Ẹnu gbogbo wọn wà ní mẹ́rìnlá géérégé, kò sí èyí tó yàtọ̀. Inú yín ì bá dùn tí ẹ bá rí i.

Kí ló kàn? Ẹ fi ìwọ̀n fáàfù ránṣẹ́.

Ọmọ iṣẹ́ yín,
Ayọ̀wálé


Coventry,
Ọjọ́ Kẹrìnlá, oṣù Kẹrin, 2024

Baba mi,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Agatha ní ara yín le, ó ní ẹ ka lẹ́tà mi, ẹ ò sì fún òun ní èsì. Ṣé mo ṣe nǹkan ni? Ẹ jọ̀ọ́, mò ń retí ìwọ̀n fáàfù.

Ayọ̀wálé


Coventry,
Ọjọ́ Karùn-ún, oṣù Karùn-ún, 2024

Baba mi,

Ẹ dá mi lóhùn. Ẹ fi ti ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ẹ kàn kí mi.

Ayọ̀wálé


Kàbà,
Ọjọ́ Kejìlá, oṣù Karùn-ún, 2024

Ayọ̀wálé,

Mẹ́tàdínlógún ni mo kọ sí ọ. Ta ló sọ mẹ́rìnlá fún ọ?

Má tíì ronú irọ́ tí o máa pa, jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń béèrè. Gbogbo ìwọ̀n tó wà nínú ìwé mi, mo fi mẹ́ta kún un nígbà tí mò ń kọ ọ́. Bí ọ̀gá mi ṣe ń kọ tirẹ̀ nìyẹn, nítorí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó máa ń da ìwé ọ̀gá kọ kí wọ́n tó sá lọ. Ẹni tó bá fi ohun tó jí kọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì náà á máa mu ọ́ìlì, á máa rú èéfín, kò sì ní mọ ohun tó ń ṣe é. Ẹni tó bá kọ́ṣẹ́ yanjú ni ọ̀gá máa ń sọ fún pé kó yọ mẹ́ta.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi mẹ́tàdínlógún ránṣẹ́ sí ọ bó ṣe wà. Mò ń retí kí o kọ̀wé pé, 'Baba, àlàfo yìí mà fẹ̀ jù, ẹ tún ìwé yín wò.' Bí mo ṣe ń dán ọmọ iṣẹ́ wò nìyẹn. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà níbẹ̀ lóòótọ́ á bá mi jiyàn. Ọjọ́ tí o bá bá mi jiyàn ni mo fẹ́ sọ àṣírí náà fún ọ. Mo tilẹ̀ ti kọ lẹ́tà ọ̀hún sílẹ̀ dè ọ́. Ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìwé àwọn òyìnbó tó ṣe ẹ́ńjìnnì náà sọ pé méjìlá. Mẹ́rìnlá jẹ́ ti èmi àti ọ̀gá mi, a wá a rí ní Egbe nítorí ooru ilẹ̀ wa. Kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ẹnì kan ṣoṣo ni mo sọ fún pé kó yọ mẹ́ta, Lájídé, ọmọ Iffe, tó sá kúrò ní ṣọ́ọ̀bù mi ní ọdún 2011 láìgba fírídọ́ọ̀mù. Òun ni ẹni kẹta tí o ò dárúkọ.

Mo jókòó ti lẹ́tà rẹ fún ọ̀sẹ̀ méje, mò ń wá ọ̀nà mìíràn tí o lè fi mọ̀ ọ́n. Mi ò rí. Kọ̀wé sí mi pé kì í ṣe òun.

Jethro


Coventry,
Ọjọ́ Kọkàndínlógún, oṣù Karùn-ún, 2024

Baba mi,

Mi ò mọ bí màá ṣe kí yín.

Òun ni. Ẹ́ńjìnnì náà ti wà lọ́dọ̀ Lájídé láti oṣù Kìíní, kí n tó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ sí yín. Mo rò pé tí mo bá kọ ọ́ bíi pé mò ń yan ẹni tó máa kọ́ ọ, ẹ̀yin fúnra yín á ní kí n gbé e fún ọmọ ilẹ̀ wa, èmi á wá dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ẹ wá ní ìwọ̀n dókítà wà lọ́dọ̀ yín, mo sọ fún un. Ó ní ẹ ò fi ojú ìwé yẹn han òun rí ní gbogbo ọdún tí òun lò, òun ò sì lè kọ́ ẹ́ńjìnnì náà bó ṣe yẹ láìrí i. Mò ń fi lẹ́tà yín ránṣẹ́ sí i bí wọ́n ṣe ń dé. Mi ò mọ nǹkan kan nípa mẹ́ta. Òun ló wọn ríǹgì, òun ló sọ mẹ́rìnlá fún mi. Mi ò fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì náà. Ọwọ́ mi ò dúdú rí.

Ẹ dárí jì mí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ẹ sọ fún wa pé ọ̀lẹ ni Lájídé àti pé ńṣe ló sá lọ. Ohun tó sọ fún mi yàtọ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ dá ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù fún òun tí ẹ sún un síwájú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá rẹ̀, Mama Elizabeth, ti pa ewúrẹ́, ó ti gúnyán, pásítọ̀ ti jókòó, kí ẹ tó ránṣẹ́ pé ọjọ́ ti yẹ̀. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pín oúnjẹ fún àwọn àlejò kí wọ́n máa gbé e lọ. Ọjọ́ kejì ni Lájídé kúrò. Ó tún ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ Pijó Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì, èyí tó lọ sí Jọ́ọ̀sì tó bọ̀ tí gbogbo Kàbà fi ń kí yín, pé ọwọ́ òun ló kọ́ ọ, pé ẹ ò tú nọ́ọ̀tì kan níbẹ̀. Baba, ṣé irọ́ ló pa?

Mo yàn án nítorí pé bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ló ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó máa ń nu ihò ẹ́ńjìnnì títí aṣọ á fi jáde ní funfun. Ó ti fi ìwọ̀n ìwé òyìnbó parí èyí tó kù, ó sì ti tan ẹ́ńjìnnì náà. Mo fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù Agatha.

Ọmọ yín,
Ayọ̀wálé


Kàbà,
Ọjọ́ Kẹsàn-án, oṣù Kẹfà, 2024

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi Agatha ni mo ń kọ èyí, Baba ò mọ̀. Wọ́n ka lẹ́tà yín, wọ́n ká a sínú àpò, wọ́n ń gbé e kiri fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gun ọ̀kadà lọ sí Iffe. Nígbà tí wọ́n padà dé, orúnkún ṣòkòtò wọn kún fún iyẹ̀pẹ̀.

Ẹ rí i, Ẹ̀gbọ́n, èmi ni Baba rán lọ́jọ́ yẹn láti lọ sọ fún wọn ní Iffe pé ọjọ́ ti yẹ̀. Mi ò gbàgbé ojú Mama Elizabeth. Lájídé ò pa irọ́ kankan. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ ṣe náà ò dáa. Kí Baba tó kíyè sí mẹ́rìnlá yẹn, wọ́n ti mú lẹ́tà tí ẹ kọ pé ọwọ́ yín dúdú káàkiri ọ̀dọ̀ gbogbo mẹkáníìkì tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀kẹ́nẹ́.

Àbúrò yín,
Agatha


Kàbà,
Ọjọ́ Kẹtàlélógún, oṣù Kẹfà, 2024

Ayọ̀wálé,

Kì í ṣe irọ́. Ojú mi ti ń bàjẹ́ láti ọdún 2009, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Lájídé ló ń bá mi ríran. Ìdí tí mo fi sọ fún un pé kó yọ mẹ́ta nìyẹn, mi ò lè ka fíílà fúnra mi mọ́. Òun ló kọ́ ẹ́ńjìnnì Rẹ́fẹ́rẹ́ńdì láti òkè dé ilẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ń kí mi, mo gbà á, ó dùn mọ́ mi. Tí mo bá fún un ní fírídọ́ọ̀mù, á lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀, gbogbo Kàbà á sì rí i pé mi ò ríran mọ́. Mò ń sún ọjọ́ náà nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tó lọ, mo pè é ní ọ̀lẹ, mo pè é ní olè, mo sì pe ara mi ní ẹni tí wọ́n dalẹ̀ rẹ̀.

Mo ti lọ sí Iffe. Mo dọ̀bálẹ̀ fún Elizabeth níwájú ilé rẹ̀, àwọn ará àdúgbò ń wò mí. Kò tètè ní kí n dìde, kò sì yẹ kó tètè sọ ọ́. Ó wọlé, ó mú aṣọ tó rán de ọjọ́ yẹn jáde, ó tò ó sórí bẹ́ǹṣì. Kò wọ̀ ọ́ rí láti ọdún mẹ́tàlá. Lẹ́yìn náà ló bu omi fún mi. Mo gba àdúrà fírídọ́ọ̀mù Lájídé níbẹ̀, níwájú ìyá tó bí i, gbogbo rẹ̀ pátá, bí ọ̀gá mi ṣe gba tèmi.

Destiny, ọmọ pásítọ̀ wa, ń bọ̀ wá sí ìlú yín lóṣù tó ń bọ̀. Mo fi ìwé ẹ̀rí Lájídé rán an, mo ti fọwọ́ sí i. Fíílà mi náà wà níbẹ̀. Fún un ní méjèèjì. Sọ fún un pé ọ̀gá rẹ̀ ní kó má bínú. Mi ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè sọ fún un tí ojú ò ní tì mí.

Ó wá ku ìwọ. Mo ti rò ó títí, ohun tí mo ṣe sí Lájídé ò pa ohun tí o ṣe sí mi rẹ́. Ká ní o dárúkọ rẹ̀ ní oṣù Kejì ni, ǹ bá bínú, ǹ bá pariwo lé Agatha lórí, ǹ bá fi ọjọ́ méjì kọ oúnjẹ. Lẹ́yìn náà, ǹ bá kọ ìwọ̀n náà fún un, nítorí pé mo mọ ohun tí mo ṣe é. Lájídé ò dalẹ̀ mi. Ìwọ lo jẹ́ kí n jókòó sí ojú fèrèsé lójoojúmọ́ pẹ̀lú awò ojú méjì lórí ara wọn, tí mò ń fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n kọ iṣẹ́ fún ọmọ mi. Ọmọ mi ò sí níbẹ̀. O mọ̀ pé o ò sí níbẹ̀, o sì ń pè mí ní ọ̀gá.

Mo ti wo fídíò rẹ. Mo gbé fóònù Agatha lé egungun ẹ̀yìn etí mi, bí mo ṣe máa ń fi sukudiráfà gbọ́ ẹ́ńjìnnì. Ibẹ̀ nìkan ni mo fi ń gbọ́ràn báyìí. Ẹ́ńjìnnì náà ń lọ dáadáa, kò sí ibi tó ti ń kọ́sẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí ti Egbe. Mo gbọ́ ọwọ́ Lájídé nínú rẹ̀. Mo gbọ́ ọwọ́ ara mi. Mo ní kí Agatha tún un ṣe, mo ní kó tún un ṣe, títí bátìrì rẹ̀ fi kú. Ọwọ́ tìrẹ ni mò ń wá. Mi ò gbọ́ ọ.

Jethro, mẹkáníìkì